Ilé mi wà ní Romford: ṣé Essex ni mí ni àbí Lọ́ńdọ̀nù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ní Romford, “Romford, Essex” ni wọ́n sì ń kọ sí gbogbo lẹ́tà tó ń wọlé fún mi. Nígbà tí àwọn ìbejì mi fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, mo fi fọ́ọ̀mù wọn ránṣẹ́ sí káńsù káúńtì Essex, wọ́n sì dá mi lóhùn pé ilé mi kò sí lábẹ́ àwọn. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní South Ockendon, RM ni postcode tirẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ bíi tèmi. Ó ní òun kò sí lábẹ́ káńsù Essex, òun kò sì sí ní Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ ọlọ́pàá Essex ló ń dáhùn bí òun bá pè. Ta ló fa ààlà yìí, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí ló sì sọ mí di ará Lọ́ńdọ̀nù? Èmi ni Ìyá Ìbejì, Romford.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. N óò kọ́kọ́ dá yín lóhùn ní ṣókí kí n tó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Havering ni ilé yín wà, Havering sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn káńsù 32 tó para pọ̀ mọ́ City of London láti di ohun tí òfin ń pè ní Greater London. Káńsù tí ẹ ń san owó-orí ilé fún ni ẹ ó fi fọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí, ìbáà jẹ́ pé Brentwood ní Essex ni ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ wà, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá sì ni gbèdéke fún ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ìyẹn ẹni tó fa ààlà àti ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ni mo ti ń bá yí láti ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, kò sì ṣeé sọ ní gbólóhùn méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwé kan wà níbì kan ní ọwọ́ ìjọba tó sọ pé káúńtì báyìí bẹ̀rẹ̀ ní ìdí igi báyìí, ó gba etí odò báyìí, ó sì parí sí orí òkè báyìí. Ní Amẹ́ríkà, irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà fún ọ̀pọ̀ káúńtì, nítorí pé àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló dá wọn sílẹ̀, wọ́n sì ní láti sọ ibi tí ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ mọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ibẹ̀ kì í sábà fa ìlà. Orúkọ ló máa ń dá, orúkọ náà a sì tọ́ka sí orúkọ mìíràn tó ti wà ṣáájú rẹ̀, ìyẹn náà a tún tọ́ka sẹ́yìn, títí a ó fi dé ibi tí kò ti sí òfin kankan mọ́, tó jẹ́ pé ìrántí àwọn àgbà ìlú nìkan ló kù.

Ẹ jẹ́ ká fi Romford gan-an ṣe é. Òfin tó yọ yín kúrò ní Essex ni London Government Act ti ọdún 1963, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1965 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Abala kan nínú rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sí apá kankan nínú Greater London tí yóò tún jẹ́ ara káúńtì ìṣàkóso kankan mọ́. Gbólóhùn yẹn ló sọ yín di ará Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn òfin náà láti wo ibi tí Havering mọ, ẹ kò ní bá odò kankan níbẹ̀, ẹ kò ní bá títì. Ohun tí ẹ ó bá ni pé káńsù tuntun náà jẹ́ àpapọ̀ ìlú Romford àti àgbègbè Hornchurch, bí káńsù méjèèjì ṣe wà kí òfin náà tó dé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ilẹ̀ Romford àti ti Hornchurch bá dé tẹ́lẹ̀ ni Havering dé, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí àwọn àtijọ́ yẹn dé, òfin ọdún 1963 kò ní sọ fún un.

Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ gé ìlú kan sí méjì nìkan ni irú òfin bẹ́ẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti dárúkọ ohun tí ojú lè rí. Nígbà tí wọ́n ń dá àwọn káńsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, wọ́n fi odò Roding gé Barking, apá tó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò náà sì lọ sí Newham. Apá àríwá Dagenham bọ́ sí Redbridge. Lákòókò yẹn kan náà ni ọ̀ràn North Woolwich tó parí, ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Woolwich yóò sì gbádùn èyí: ẹ̀bá àríwá odò Thames ni North Woolwich wà, níbi tí gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká ti jẹ́ Essex, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ló fi jẹ́ ti Kent, tó wà ní òdìkejì omi, nítorí pé ilẹ̀ Woolwich ni. Ní 1889 ó tẹ̀lé Woolwich wọ káúńtì Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà, ó sì di ọdún 1965 kí wọ́n tó já a kúrò lára Woolwich, kí wọ́n sì dà á pọ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n jọ wà ní ẹ̀bá kan náà, ní Newham.

Òfin tó tún gbogbo káúńtì tó kù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Wales tò, ìyẹn Local Government Act ti ọdún 1972 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1974, gba ọ̀nà kan náà. Orúkọ káúńtì 45 ló tò fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Greater London, 6 fún àwọn ìlú ńláńlá, 39 fún ìyókù, ó sì kọ sí iwájú káúńtì kọ̀ọ̀kan àwọn àgbègbè àtijọ́ tó kó jọ láti fi ṣe é. Essex tuntun jẹ́ Essex àtijọ́ pẹ̀lú Southend-on-Sea, tó ti ń dá ṣàkóso ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí èyí bá jọ yín lójú bí ohun àjèjì, ẹ rántí pé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 náà kò fa ìlà kankan: ó to orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wọn sínú àfikún kan, ó sì gbà pé àwọn ènìyàn mọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ náà.

Ta wá ló dá Essex ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, èyí tí gbogbo àwọn tó kù ń tọ́ka sí? Kò sí òfin tó dá a. Ìjọba àwọn Saxon ìlà-oòrùn ni orúkọ náà ti wá, wọ́n sì ti ń pe ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ tipẹ́ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kankan tó wà ní Westminster. Nígbà tí Ọba William ní kí wọ́n ka gbogbo ohun ìní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1086, nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Domesday, abẹ́ Essex ni wọ́n to àwọn ìletò rẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí ohun tí kò sẹ́ni tí ń jiyàn rẹ̀. Apá ibi tí a ti rí ààlà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní kùtùkùtù ni ìwọ̀-oòrùn. Àdéhùn tí Ọba Alfred bá Guthrum, olórí àwọn Dane, ṣe ní nǹkan bí ọdún 1,100 sẹ́yìn sọ pé kí ààlà àwọn méjèèjì gba odò Thames gòkè, kí ó yà sí odò Lea, kí ó bá Lea lọ dé orísun rẹ̀, kí ó gba ọ̀nà tààrà dé Bedford, kí ó sì gba odò Ouse dé títì àtijọ́ tó ń jẹ́ Watling Street. Odò Lea kan náà ni ààlà àárín Essex àti Middlesex títí tí wọ́n fi kó ẹ̀bá méjèèjì wọ Greater London, òun náà ló sì wà láàárín Hackney àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní ìlà-oòrùn lónìí. Ààlà tí wọ́n fi odò ṣe a máa pẹ́ ju ọba tó fi í ṣe lọ.

Ibi tí kò bá sí odò ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Káúńtì jẹ́ àpapọ̀ àwọn páríṣì rẹ̀, ìyẹn àwọn àgbègbè tí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ń ṣàkóso, páríṣì náà sì ni àwọn ará ibẹ̀ mọ ààlà rẹ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Lọ́dọọdún, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àjọ̀dún Ìgòkè-re-ọ̀run, àlùfáà àti àwọn àgbà ìlú á kó àwọn ọmọdékùnrin jọ, wọ́n á fún wọn ní pàṣán, wọ́n á sì rìn yí gbogbo ààlà páríṣì náà ká, bí wọ́n bá ti dé ìdí òkúta tàbí igi tó jẹ́ àmì, àwọn ọmọ á fi pàṣán na àmì náà. Nígbà mìíràn ọmọ náà gan-an ni wọ́n á nà, tàbí kí wọ́n gbé e kí wọ́n fi ìdí rẹ̀ gbá òkúta ààlà, kí ó má baà gbàgbé. Àwọn tó mọ bí wọ́n ti ń mú ọmọ lọ sí oko láti fi pèrègún ààlà hàn án kò ní bá èyí rẹ́rìn-ín jù: ẹni tó máa jẹ́rìí ní àádọ́ta ọdún sí i ni wọ́n ń tọ́jú. Kò sí ìwé tó lágbára tó ẹnu àgbàlagbà tó dìde ní kóòtù tó ní ibí yìí ni wọ́n ti nà mí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje.

Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba fẹ́ kí ohun tó wà lẹ́nu àwọn àgbà wà lórí ìwé. Òfin Ordnance Survey Act ti ọdún 1841 ló fún àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ fún ìjọba ní àṣẹ láti wádìí ààlà káúńtì àti páríṣì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí: àwọn adájọ́ àgbègbè á yan àwọn tó mọ ilẹ̀ náà dáadáa, tí wọ́n ń pè ní meresmen, ẹni tiwa láti páríṣì ti ibí àti ẹni tiwọn láti páríṣì ti ọ̀hún, wọ́n á jọ rìn lójú ààlà pẹ̀lú ẹni tí ń wọn ilẹ̀, ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí ni yóò sì yà sínú ìwé. Àwọn ìwé náà wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew títí di òní, ẹnikẹ́ni ló sì lè lọ béèrè fún wọn. Mo ti jókòó tì wọ́n rí. Ẹ ó rí odò kékeré kan tí wọ́n fọwọ́ yà bí okùn, ọgbà igi, ìyẹn igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbìn tò bí odi, tí wọ́n fi ìlà kúkúrú-kúkúrú ṣe, igi kan tó dá dúró tí wọ́n sì kọ irú igi tó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sínú àwọn ìwé yẹn ni wọ́n gbé sórí àwọn máàpù ńlá, àwọn lẹ́tà kúkúrú tí wọ́n fi ṣe àmì níbẹ̀ ló sì jẹ́ ìdáhùn gidi sí ìbéèrè yín pé ibo ni wọ́n kọ ààlà sí. Ẹ gbé máàpù tó ń jẹ́ íǹṣì 25 sí máìlì kan kalẹ̀, kí ẹ tẹ̀lé ààlà pẹ̀lú ìka. Bí ẹ bá rí “C.S.”, àárín odò kékeré ni ìlà náà gbà. Bí ẹ bá rí “4 ft. R.H.”, ìlà náà wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ìdí ọgbà igi, kò sí lórí ọgbà náà fúnra rẹ̀, nítorí pé àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó gbin ọgbà ló gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnu kòtò yẹn ni ilẹ̀ rẹ̀ sì mọ. Bí ẹ bá rí “Und.”, kò sí ohunkóhun lórí ilẹ̀ tó fi ibi tí ìlà náà gbà hàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni “C.O.C.S.”, tó túmọ̀ sí àárín ibi tí odò náà gbà tẹ́lẹ̀. Odò ti yà, wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà tuntun fún un, ṣùgbọ́n ààlà dúró sí ojú odò àtijọ́, bóyá lábẹ́ pápá tàbí lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn. Ọgbà igi lè kú, wọ́n lè wú u kí wọ́n kọ́ ilé 200 síbẹ̀, ìlà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin yẹn wà níbẹ̀ síbẹ̀, yóò gba àárín ilé ìdáná ẹnì kan kọjá láìjẹ́ pé onílé mọ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan tí àwọn agbẹjọ́rò pàápàá máa ń gbàgbé. Òfin ọdún 1841 yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀ kò yí ààlà káúńtì tàbí páríṣì kankan padà, kò sì kan ẹ̀tọ́ onílẹ̀ kankan. Máàpù náà ń jẹ́rìí ni, kò ní àṣẹ láti dá ààlà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí ti kú tán, tí ẹnikẹ́ni kò rìn yí páríṣì ká mọ́ àfi fún eré, ta ni yóò wá já ẹ̀rí máàpù ní irọ́? Lójú tèmi, ibi tí agbára máàpù ti wá gan-an nìyí, kì í ṣe láti inú òfin.

Tòde òní ti yàtọ̀ díẹ̀. Àṣẹ tí ìjọba ń ṣe lónìí láti yí ààlà padà máa ń ní máàpù tó bá a rìn, tí wọ́n sì fi pamọ́ sí ibi tí ará ìlú lè lọ wò ó. Nínú àwọn àṣẹ tó ń pín àgbègbè ìdìbò, gbólóhùn kan wà tí ẹ ó máa rí léraléra: bí máàpù bá fi ààlà hàn pé ó gba títì, ojú irin, ipa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, odò tàbí ohun tó jọ wọ́n, kí a kà á sí pé àárín nǹkan náà gan-an ló gbà. Gbólóhùn yìí ló fà á tí ó fi ṣeé ṣe kí ẹni tó wà ní apá òsì títì máa dìbò ní àgbègbè kan, kí ẹni tó kọjú sí i ní apá ọ̀tún sì máa dìbò ní òmíràn, tí wọ́n sì jọ ń kí ara wọn ní òwúrọ̀.

Ní ti omi ńlá, àárín odò Thames ni ilẹ̀ Havering mọ ní Rainham, ìdajì tó kù jẹ́ ti Bexley ní òdìkejì. Létí òkun, ibi tí omi ń dé nígbà tó bá fà sẹ́yìn jù ni ilẹ̀ mọ, òfin ọdún 1972 sì sọ pé bí òkun bá dá ilẹ̀ padà tàbí bí ènìyàn bá fi iyẹ̀pẹ̀ dí òkun, ilẹ̀ tuntun náà ti di ti páríṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì di ti káúńtì tí páríṣì náà wà nínú rẹ̀.

Ṣé wọ́n lè yí i padà? Wọ́n lè yí i. Àjọ tó ń rí sí ààlà ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010, ló ń wádìí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì ń dámọ̀ràn, mínísítà ló ń fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè lọ béèrè fún ilé rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ariwo ará ìlú ti ṣiṣẹ́ rí, àpẹẹrẹ tó dára jù sì wà ní ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí, ní pápákọ̀ òfurufú Gatwick. Surrey ni Gatwick wà tẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 1972 fẹ́ kó o lọ sí West Sussex, ó sì fẹ́ kó àwọn ará Charlwood àti Horley tó wà nítòsí rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ará ibẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní Surrey ni àwọn, Surrey ni àwọn yóò sì máa jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní láti ṣe òfin mìíràn nítorí tiwọn nìkan, Charlwood and Horley Act ti ọdún 1974, tó dá wọn padà sí Surrey. Pápákọ̀ òfurufú náà kò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀, West Sussex ló wà títí di òní. Ní 1969 pẹ̀lú, Farleigh kúrò ní Croydon padà sí Surrey, Knockholt sì kúrò ní Bromley padà sí Kent, nítorí pé àwọn ará abúlé méjèèjì kò fẹ́ jẹ́ ará Lọ́ńdọ̀nù rárá. Romford kò rí irú ìyẹn ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọ̀rọ̀ àbúrò yín, nítorí pé òun ni ẹjọ́ rẹ̀ díjú jù. Ẹnu “káúńtì” kan ṣoṣo ni à ń pè, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin ni òfin àti àṣà fi orúkọ náà pè, ìlà wọn kò sì bá ara wọn mu. Èkíní ni káúńtì ìṣàkóso, èyí tó ní í ṣe pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́, títì àti owó-orí. South Ockendon wà ní Thurrock, Thurrock sì ti kúrò lábẹ́ káńsù Essex láti ọdún 1998, ó ń dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi sọ pé òun kò sí lábẹ́ Essex, òótọ́ ló sì sọ. Èkejì ni káúńtì tí aṣojú ọba wà fún, tó wà nínú Lieutenancies Act ti ọdún 1997. Nínú òfin yẹn, Essex jẹ́ àpapọ̀ Essex, Southend-on-Sea àti Thurrock, nítorí náà bí ọba bá wá kí wọn ní South Ockendon, aṣojú rẹ̀ fún Essex ni yóò pàdé rẹ̀. Agbègbè tí àwọn ọlọ́pàá Essex ń ṣọ́ bá èyí mu, òun ló fà á tí wọ́n fi ń dá àbúrò yín lóhùn. Ẹ̀yin ní tiyín, Metropolitan Police ni ẹ ń pè.

Ẹ̀kẹta ni káúńtì àtijọ́, Essex ti ìgbà Domesday, tí àwọn olùfẹ́ ìtàn ṣì ń kà sí. Ní ti ìyẹn, ẹ̀yin àti àbúrò yín jọ wà ní Essex, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé irọ́ ni. Àní Romford àtijọ́ ní ipò tirẹ̀ nínú Essex náà: láti 1465 títí di 1892 ni Havering fi jẹ́ ilẹ̀ tí ọba fún ní òmìnira láti ní àwọn adájọ́ tirẹ̀, ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ Royal Liberty tó wà ní Romford ti rí orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí káńsù tó ń gba owó-orí lórúkọ káúńtì àtijọ́.

Ẹ̀kẹrin ni káúńtì àwọn onílẹ́tà, òun gan-an ló ṣì yín lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dá Greater London sílẹ̀ ní 1965, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kò tún àwọn àdírẹ́sì ìgbèríko Lọ́ńdọ̀nù kọ, nítorí ìnáwó tí yóò mú dání, Romford sì ń jẹ́ “Essex” lọ lórí àpò lẹ́tà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Láti 1996 ni Royal Mail kò ti béèrè orúkọ káúńtì mọ́, ìlú àti postcode ti tó, ṣùgbọ́n àwọn báńkì àti àwọn iléeṣẹ́ tí àkójọ àdírẹ́sì wọn ti pẹ́ ṣì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Bákan náà ni àwọn ará Enfield ṣe ń kọ “Middlesex”, káúńtì tí káńsù rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 1965. RM tí ẹ̀yin àti àbúrò yín jọ ń lò kò sì sọ ju pé ẹ̀ka Romford ni wọ́n ti ń ṣètò lẹ́tà yín. Ó wọ Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ Thurrock, kò bìkítà fún ààlà kankan. Títì M25 náà kò ṣeé gbára lé: ọ̀pọ̀ ń fi í ṣe etí Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n North Ockendon wà lẹ́yìn rẹ̀, Havering ló sì wà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé káúńtì wo ni ẹ wà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé nítorí kí ni ó ṣe ń béèrè. Bó bá jẹ́ nítorí ilé ẹ̀kọ́, ìdọ̀tí tàbí owó-orí, ìwé tí káńsù fi ń béèrè owó lọ́wọ́ yín ti dáhùn. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìlà náà fúnra rẹ̀, Ordnance Survey ti gbé gbogbo ààlà ìjọba ìbílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2010, ẹ lè sún máàpù wọn mọ́ra títí tí ẹ ó fi rí òrùlé ilé yín. Bí ẹ bá sì ra ilé náà, ẹ gbé ìwé ilé yín láti HM Land Registry jáde, kí ẹ wo òkè abala àkọ́kọ́, ṣáájú gbólóhùn tó ń sọ nípa ilẹ̀ tí wọ́n fi pupa yí ká lórí àwòrán. Orúkọ agbègbè ìṣàkóso ló wà níbẹ̀. Ti ará Brentwood yóò kọ “ESSEX : BRENTWOOD”, nítorí pé káńsù méjì ló pín iṣẹ́ ibẹ̀ láàárín ara wọn. Ti àbúrò yín yóò kọ “THURROCK”, tiyín yóò sì kọ “HAVERING”, láìsí Essex ní iwájú rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí ẹni tó bá ń wá ilé rà ní etí ààlà gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ìlà àtijọ́ náà bá gba àárín ilé kan kọjá, onílé kò ní san owó-orí lẹ́ẹ̀mejì. Ìlànà owó-orí ilé ti ọdún 1992 sọ pé ibi tí apá tó pọ̀ jù nínú ilé náà bá wà ni kí a kà á sí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé náà bá dúró sí, ìbáà ṣe pé ẹnu ọ̀nà àti àdírẹ́sì rẹ̀ wà ní òdìkejì, káńsù ibẹ̀ ni yóò gba owó rẹ̀, ibẹ̀ náà ni onílé yóò sì fi fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí.